Lébẹ́ẹ̀lì aṣọ: èyí tó yẹ kí télọ̀ rà, àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀

Oríṣi lébẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún télọ̀: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ hun, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí sátíìnì, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí téèpù òwú, àti èyí tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí ẹ bá bi wá pé èwo ni kí ẹ rà, méjì la máa sọ: èyí tí wọ́n hun fún orúkọ yín, sátíìnì tí wọ́n tẹ̀ fún ìtọ́jú aṣọ. Ọ̀pọ̀ télọ̀ ló ń náwó lé orúkọ, tí wọ́n á sì fi ti ìtọ́jú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ kì í gba aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Aṣọ tí kò sọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ òun, bí alágbàfọ̀ bá ṣe mọ̀ ni yóò fọ̀ ọ́. Tó bá wá súnkì tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, télọ̀ ni oníbàárà máa dá lẹ́bi, kò ní dá omi gbígbóná lẹ́bi.

Èyí tí wọ́n hun

Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló hun ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀, nítorí náà kò sí tàdáwà tí ọṣẹ lè bọ́ kúrò. Òwú pọliẹ́sítà ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ẹni tó ń tà á á dárúkọ mẹ́ta fún yín: dámásìkì, sátíìnì híhun, àti táfẹ́tà. Dámásìkì ni kí ẹ mú. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín, 50 denier ni àwọn tó dára (denier ni wọ́n fi ń wọn bí òwú ṣe nípọn tó), ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kékeré fi ń hàn kedere lórí rẹ̀. Sátíìnì híhun ń dán, ó sì ń wuyì lójú, àmọ́ òwú rẹ̀ tètè máa ń fà bí ohun mímú bá kàn án. Táfẹ́tà ló dínwó jù. Ó máa ń le lọ́wọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ sì máa ń dàrú lára rẹ̀.

Orúkọ Yorùbá nílò àkíyèsí tí orúkọ òyìnbó kò nílò, nítorí àmì orí lẹ́tà àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí lẹ́tà bá kéré jù, àmì ìsàlẹ̀ ọ, ẹ àti ṣ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀, àmì ohùn á sì di tóótòó kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ńlá ga tó mìlímítà 4, kí àyè sì wà lókè àti nísàlẹ̀ ìlà. Ohun kejì ni fáìlì tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá kàn tẹ orúkọ náà sínú ìwé, kọ̀ǹpútà ẹni tó máa ṣe é lè má ní irú lẹ́tà yẹn, yóò sì gbé àpótí kékeré tó ṣófo síbi tí ọ̀ yẹ kó wà. Ẹ ní kí ẹni tó ya lógò yín sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán ìlà kó tó fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ sì béèrè fún àwòrán lébẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ti hun kí wọ́n tó hun ìyókù. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà kò tó. Ohun tó hàn dáadáa níbẹ̀ lè dàrú nínú òwú.

Etí rẹ̀ ló ń fa ìjà jù. Lórí aṣọ fífẹ̀ kan ni wọ́n ti ń hun ọ̀pọ̀ lébẹ́ẹ̀lì pọ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ gbígbóná là wọ́n. Ooru ọ̀bẹ yẹn ló ń yọ́ etí kó má baà tú, ohun tó yọ́ náà sì ń gan bí ike. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi etí rẹ̀ fa inú ọrùn-ọwọ́ yín díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ta yín níbẹ̀, yóò máa ha ọrùn ẹni tó wọ aṣọ náà, ọmọdé á sì ké. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi ẹ̀rọ tó ń hun lébẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan ṣe é, tí etí rẹ̀ fi jẹ́ híhun. Òun ló rọ̀ jù, ó sì wọ́n ju ti ọ̀bẹ lọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣẹ́ etí méjèèjì sí ẹ̀yìn.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe máa ṣẹ́ ẹ. Èyí tí kò ní ìṣẹ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa rán. Ó dára fún inú fìlà àti inú báàgì. Èyí tí wọ́n ṣẹ́ ní apá ọ̀tún àti òsì ló wà fún ẹ̀yìn ọrùn búbá, kaftan àti dáńṣíkí. Ẹ ní kí wọ́n fi bíi mìlímítà 7 sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́ náà, yàtọ̀ sí fífẹ̀ tí ojú máa rí. Èyí tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì láàárín, inú ojú ìrán ni wọ́n ń ki ẹnu rẹ̀ sí. Òun la fẹ́ràn fún nọ́ńbà ìwọ̀n, torí kò gba àyè. Ẹni tó bá gbàgbé láti sọ ìṣẹ́, èyí tí kò ní ìṣẹ́ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i, ọwọ́ ni yóò sì fi máa ṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò ṣe é rà ní díẹ̀. Títò òwú sórí ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tó gba owó, owó yẹn kan náà ni ì báà jẹ́ 50 lẹ fẹ́ tàbí 1,000. Nítorí náà, ẹ má kọ ohun tó ń yí padà sínú rẹ̀: kí ó má sí nọ́ńbà fóònù, kí ó má sí ìwọ̀n aṣọ, kí ó má sí irú òwú. Orúkọ àti ìlú tẹ́ ẹ ti ṣe é, ó parí.

Sátíìnì tí wọ́n tẹ̀

Èyí ló yẹ fún ìtọ́jú aṣọ, irú òwú àti ìwọ̀n, nítorí ẹ lè tẹ 20 fún àǹkárá lónìí, kí ẹ tẹ 30 fún léèsì lọ́la. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó ń lo ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ríbọ́nì tàdáwà inú rẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá yóò pẹ́. Ríbọ́nì mẹ́ta ló wà: wax (ìda), wax pẹ̀lú resin (oje tó le bí ike), àti resin gidi. Wax ni àwọn tó ń tẹ sítíkà orí páálí ń lò. Lórí sátíìnì, ọṣẹ àti omi gbígbóná á kó o lọ, lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan ọ̀já funfun ló máa kù nínú aṣọ. Resin gidi nìkan ni kí ẹ gbà. Ṣómólú ní Èkó kún fún àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n pépà ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Ẹ béèrè orúkọ ríbọ́nì tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ kò bá gba ẹnu wọn gbọ́, ẹ dán an wò. Ẹ rán ọ̀kan mọ́ àjákù aṣọ funfun. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ oníyẹ̀fun nínú omi gbígbóná, ẹ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ tún un ṣe títí á fi pé márùn-ún. Bí dúdú bá hàn lára aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún èyí tí wọ́n hun náà bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ pupa tàbí dúdú tí ẹ sì fẹ́ lò ó lára léèsì funfun, torí àwọ̀ òwú olówó pọ́ọ́kú máa ń jáde.

Sátíìnì máa ń tú létí. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e kí ẹ fi bẹ́ẹ̀ rán an. Ẹ jẹ́ kí etí tí ẹ gé wọ inú ojú ìrán pátápátá.

Téèpù òwú àti èyí tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀

Téèpù òwú rọ̀, ó sì bá adìrẹ àti aṣọ ọmọ ọwọ́ mu. Àmọ́ òwú rẹ̀ ń súnkì, etí rẹ̀ ń tú, lẹ́tà wẹ́wẹ́ kò sì ṣe é tẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ lò ó bí orúkọ yín bá kúrú tó sì ṣe é kọ gàdàgbà.

Èyí tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀ ló gbòde láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Hanes ti gbé tíṣáàtì tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì rírán jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002. Fún tíṣáàtì, aṣọ eré ìdárayá àti àwọ̀tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó tura tó o, kò ń ha ọrùn rárá. Lára aṣọ ìbílẹ̀ wa, a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Léèsì ní ihò, kò sí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Ojú aṣọ òkè kò tẹ́jú. Òwú tó ń dán nínú aṣọ òkè òde òní, ike fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irin kùn ni. Ooru tó máa lẹ lébẹ́ẹ̀lì máa ká a kò. Àǹkárá tuntun ní sítáàṣì lára, bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, orí sítáàṣì ni ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ìfọ̀ àkọ́kọ́ á sì gbé e kúrò. Ẹ̀rọ ìlẹ̀ gidi ló tún yẹ ẹ́: èyí tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ ooru bíi 150 sí 160 lórí ìwọ̀n Celsius, fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, pẹ̀lú ìtẹ̀ tó dọ́gba. Áyọ́ọ̀nù ọwọ́ kì í tẹ ibi gbogbo bákan náà, ìdí nìyẹn tí igun rẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Àmì márùn-ún tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò wá láti ọ̀dọ̀ GINETEX, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1963. Ìwé òdiwọ̀n ISO 3758 ló ṣàlàyé wọn. Bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n nìyí: abọ́ omi fún fífọ̀, onígun mẹ́ta fún bílíìṣì, onígun mẹ́rin fún gbígbẹ, áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà róbótó fún àwọn tó ń fi kẹ́míkà fọṣọ. Bí wọ́n bá fi ìlà méjì kọ́ra lórí èyíkéyìí, kí wọ́n má ṣe é ni.

Nọ́ńbà inú abọ́ omi ni ooru (lórí ìwọ̀n Celsius) tó ga jù tí aṣọ náà lè gbà, kì í ṣe èyí tó di dandan kí wọ́n lò. Ẹni tó rí 40 lè fi omi tútù fọ̀ ọ́, aṣọ náà kò ní ṣe nǹkan kan. Ìlà kan lábẹ́ abọ́ túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ rọra yí i. Ọwọ́ tó wà nínú abọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi tóótòó dípò nọ́ńbà: ọ̀kan jẹ́ 30, méjì jẹ́ 40. Nínú áyọ́ọ̀nù, tóótòó kan jẹ́ ooru bíi 110, méjì bíi 150, mẹ́ta bíi 200. Onígun mẹ́ta tó ṣófo gba bílíìṣì èyíkéyìí. Tó bá ní ìlà ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ méjì nínú, kí wọ́n má lo bílíìṣì tó ní chlorine.

Àmì kan wà tí àwọn télọ̀ wa kì í sábà lò, tó sì jẹ́ pé òun ló wúlò jù nínú oòrùn ilẹ̀ wa: onígun mẹ́rin tó ní ìlà òòró kan láàárín àti ìlà ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ ní igun òkè apá òsì. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n sá a sórí okùn, ṣùgbọ́n ní ibòji. Àǹkárá àti adìrẹ nílò rẹ̀. Fún àǹkárá tó jẹ́ òwú gidi tí kò ní láínìn, ẹ kọ abọ́ 30, onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ́ra, àmì ibòji yìí, àti áyọ́ọ̀nù tóótòó méjì. Adìrẹ ẹlú nílò ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí kò sí àmì kankan fún kí wọ́n dá aṣọ fọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má pò ó mọ́ aṣọ mìíràn, kí wọ́n má sì rẹ ẹ́ sómi. Aṣọ òkè tó ní òwú dídán: abọ́ tí wọ́n kọ́ra, áyọ́ọ̀nù tóótòó kan, àti ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi aṣọ bò ó kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Bí òkúta bá wà lára léèsì, tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́ra lórí róbótó náà: kẹ́míkà ìfọṣọ lè tú gọ́ọ̀mù yẹn, òkúta á sì já sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé aṣọ ìta nìkan ni wọ́n ń wò. Ohun tó lẹ jù nínú gbogbo aṣọ náà ni lébẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àǹkárá lè gba omi 40 dáadáa, kí gum stay (aṣọ líle tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀ mọ́ inú kọ́là) bẹ̀rẹ̀ sí í wú léròrò. Òwú lè gba áyọ́ọ̀nù gbígbóná, kí láínìn abẹ́ rẹ̀ yọ́. Ẹ wo láínìn, stay, bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú ìránṣọ kí ẹ tó kọ nǹkan kan.

Bí ẹ kò bá mọ irú òwú tí wọ́n fi ṣe aṣọ tí ẹ rà lọ́jà, ẹ fi iná yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ òwú díẹ̀ ní òòró, kí ẹ yọ díẹ̀ ní ìbú, torí wọ́n lè yàtọ̀. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí abọ́ omi. Òwú gidi ń jó bíi pépà, ó ń rùn bíi pépà tó jóná, eérú rẹ̀ rọ̀. Pọliẹ́sítà ń yọ́, ó ń sá fún iná, ó sì ń di kókó dúdú líle. Sílíkì àti irun àgùntàn ń rùn bí irun tó jóná, kókó tí wọ́n fi sílẹ̀ sì ń fọ́ láàárín ìka. Èyí tó ṣe méjèèjì, tó jó tó sì yọ́, àdàlù ni. Iná kò lè sọ iye ìdá fún yín. Bí ẹ bá máa kọ 65 àti 35 sínú lébẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ ẹni tó ta aṣọ ni ìwé rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá.

Bí a ṣe ń rán an

Kí ẹ tó rán etí inú ọrùn mọ́ aṣọ ni kí ẹ ti rán lébẹ́ẹ̀lì orúkọ sórí rẹ̀, kí ojú abẹ́rẹ́ má baà hàn síta. Ẹ ṣẹ́ etí inú náà sí méjì kí ẹ rí àárín rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11, òwú tó bá àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì mu. Apá ọ̀tún àti òsì nìkan ni kí ẹ rán lára aṣọ òwú. Pọliẹ́sítà inú lébẹ́ẹ̀lì kì í súnkì, òwú ń súnkì. Ẹni tó bá rán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀yìn ọrùn á hun jọ. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wù yín dandan, ẹ fọ aṣọ náà kí ẹ tó gé e.

Ti ìtọ́jú, inú ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń lọ, bí íńṣì mẹ́rin sókè sí etí ìsàlẹ̀. Ṣòkòtò, inú ìbàdí lẹ́yìn. Agbádá, inú àpò, kí ó má baà yọjú nígbà tí wọ́n bá ká a sí èjìká. Gèlè àti ìpèlé tí ẹ kò rán nǹkan sí lára, igun kan tí wọ́n ṣẹ́ ni.

Bí aṣọ bá ń lọ sókè òkun

Ọ̀rọ̀ yí padà níbẹ̀, òfin ni. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1958 ní kí lébẹ́ẹ̀lì sọ irú òwú àti ìdá wọn nínú 100, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é, àti orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó ń tà á. Aṣọ tó ní ọrùn, inú ẹ̀yìn ọrùn láàárín ni orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí "Made in Nigeria" wà lára èyí tí wọ́n hun. Nọ́ńbà RN tí ẹ ń rí lára aṣọ Amẹ́ríkà, tó ń fi ilé iṣẹ́ hàn, àjọ FTC tó ń bójú tó òwò níbẹ̀ ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, fún ilé iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà nìkan. Bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, orúkọ ilé iṣẹ́ yín tàbí nọ́ńbà ẹni tó ń bá yín tà á níbẹ̀ lẹ máa lò. Lébẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú pọn dandan fún wọn náà.

Ní Bìrìtìkó, irú òwú ló pọn dandan. Ti ìtọ́jú kò di dandan lófin, àwọn ilé ìtajà ló ń béèrè fún un. Aṣọ oorun ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: wọ́n ní òfin ààbò lórí rẹ̀ láti 1985, èyí tó dá lórí bí ó ṣe ń gbiná. Ti àgbàlagbà gbọ́dọ̀ sọ lára lébẹ́ẹ̀lì bóyá ó yege ìdánwò iná tàbí kí wọ́n gbé e jìnnà sí iná. Gáùn oorun ọmọdé gbọ́dọ̀ yege ìdánwò náà gan-an. Ẹni tó ń fi àǹkárá rán gáùn oorun ọmọdé ránṣẹ́ sí London, kí ó ṣe ìdánwò yẹn kó tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì kankan.

Télọ̀ tó ń rán aṣọ díẹ̀ lóṣù, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sátíìnì onírésìnì fún méjèèjì, orúkọ lójú kan, ìtọ́jú lẹ́yìn. Nígbà tí oníbàárà bá pọ̀ tó láti lo ẹgbẹ̀rún kan kó tó pé ọdún, ìgbà yẹn ni kó lọ hun dámásìkì.